Ẹ̀sùn lórí àpótí ìbọn kọ́bọ̀ì tí ẹ tà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Houston, Texas

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní èdè wa, kí ó lè dé ọwọ́ yín tààrà. Mo ti bá àwọn tó wà ní kàùńtà sọ ọ́ lẹ́nu, mo ti fi íméèlì ránṣẹ́, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: ìbọn tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù kì í padà wọlé. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti ẹni tó ra ọjà tán tó wá yí ọkàn padà. Ohun tí ẹ kọ sára àpótí kọ́ ló wà nínú rẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Àpótí tí ẹ kọ “gbogbo ohun tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílò fún eré ìbọn kọ́bọ̀ì” sí lára ni mo rà ní dọ́là 2,900. Ìbọn ìléwọ́ méjì, ìbọn gígùn kan, ìbọn pọ́ḿpù kan (èyí tí a ń fa ọwọ́ rẹ̀ síwá-sẹ́yìn kí ọta tó wọlé), páálí ọta, bẹ́líìtì àti àpò ìbọn, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò wọ́n. Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ, ìjọba yẹ orúkọ mi wò, kò sí wàhálà. Kí n tó sanwó, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún mi bóyá kò yẹ kí n kọ́kọ́ lọ wòran ní ẹgbẹ́ kan. Ó ní kò pọn dandan, pé kí n ṣáà gbé àpótí yìí lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí eré yìí jẹ́, nítorí ẹni tó kó àpótí náà jọ kò mọ̀ ọ́n. California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Single Action Shooting Society tó ń ṣe òfin rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní SASS, dìde ní 1987. Irú ìbọn tí wọ́n lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà kí ọdún 1900 tó dé ni a ń yìn, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní àwòkọ wọn. Ìbọn ìléwọ́ méjì tó jẹ́ pé àtàǹpàkò la fi ń fa òòlù rẹ̀ (irin tó ń gbá ìdí ọta) sẹ́yìn kó tó dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ìbọn gígùn onílífà, tí a ń fi ọwọ́ irin abẹ́ rẹ̀ ti ọta wọlé; àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì, tàbí pọ́ḿpù Winchester 1897 tí òòlù rẹ̀ wà níta. Aago ló ń ka eré, ọta kan tó bá tàsé á fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kún àkókò ẹni. Tọkùnrin tobìnrin ń múra bíi ti ayé ìgbà náà, kálukú sì ní orúkọ ìnagijẹ tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́.

Bass Reeves ló fà mí wá sídìí rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Arkansas ní 1838, ó sì di igbákejì mọ́ṣà (agbófinró) ìjọba àpapọ̀ ní 1875. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń mú àwọn ọ̀daràn. Ìhín ni wọ́n bí àwọn ọmọ mi sí, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn dúdú wà lórí ẹṣin nínú ìtàn ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìbọn àti àmì òfin láyà. Owó tí mo san fún yín, owó ohun tó jẹ mí lọ́kàn ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú àpótí yẹn ni ìwé pélébé. Ó ní kí n ki ọta mẹ́fà sínú ìbọn ìléwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní pápá, kò sẹ́ni tó ń ki ìbọn ní kọ̀rọ̀. Orí tábìlì kan ni a ti ń kì í, lójú ẹni tó ń ṣọ́ wa. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà. Bó ti rí i pé mo mú ọta kẹfà, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ní márùn-ún ni. Ó ní nínú irú ìbọn tí wọ́n ṣe ní àwòkọ ìbọn ìléwọ́ Colt 1873, òòlù máa ń sinmi sí ìdí ọta tó bá wà níwájú rẹ̀. Bí ìbọn bá já bọ́, tàbí tí nǹkan kan gbá òòlù náà, ó lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Nítorí náà, ihò kan máa ń ṣófo, òfìfo yẹn sì ni òòlù gbọ́dọ̀ sinmi lé. Lóòótọ́, àwọn kan tí wọ́n ń ṣe lóde òní ní ohun ààbò nínú, ṣùgbọ́n òfin kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: márùn-ún ni. Ọ̀gá, ìbàdí ni ìbọn yìí ń gbé, ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ìwé tí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀ ló ní kí n ki mẹ́fà.

Ọta náà tún wà ńbẹ̀. Èyí tí ẹ kó sínú páálí ní èèpo bàbà lára, SASS kò sì gbà á láyè rárá nínú eré. Pátákó irin la ń yìnbọn sí, ti ìbọn ìléwọ́ kì í sì jìnnà, wọ́n sábà máa ń gbé e sí nǹkan bíi yáàdì 7 sí 10. Ọta òjé la ń lò níbẹ̀. Òjé rọ̀, bó bá kan irin, á fọ́ pẹlẹbẹ. Èèpo bàbà le jù ú lọ, ó lè ya kí ó ta padà sára ẹni tó yìn ín, tàbí sára àwọn tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n ń ka àmì. Tọmọdé tàgbà ló ń wá wòran níbẹ̀. Nítorí èyí ni gbogbo wa fi ń wọ awò ojú, tí a sì ń bo etí. Kò sí awò, kò sí ohun ìbo-etí nínú àpótí tí ẹ pè ní “gbogbo ohun tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílò”.

Ìbọn gígùn náà, ọta ọdẹ tí wọ́n ń pè ní .30-30 ló ń lò. Ìbọn rere ni fún ẹni tó ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n nínú eré gan-an, irú ọta tí ìbọn ìléwọ́ ń lò ni ìbọn gígùn gbọ́dọ̀ máa lò: .38 Special, .44-40, .45 Colt àti irú wọn, ìyára ọta náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 1,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti .30-30 ju 2,000 lọ. Á dá ihò sí pátákó ẹgbẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á yan ọta kan ṣoṣo fún ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn gígùn, .38 Special ni púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sì ń fẹ́ nítorí kì í ta ọwọ́. Ìbọn pọ́ḿpù yín, ti òde òní ni, òòlù rẹ̀ pamọ́ sínú. Bẹ́líìtì yín, náílọ́ọ̀nù ni, òfin kò sì fẹ́ náílọ́ọ̀nù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìbọn ìléwọ́ méjèèjì dára, mi ò rí àléébù lára wọn.

Mo yìnbọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpẹ́ yín. Ọkùnrin kan yá mi ní ìbọn gígùn, ẹlòmíràn yá mi ní ẹlẹ́nu méjì, ìyá tó wà nídìí tábìlì fún mi ní ọta òjé láti inú àpò tirẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò nìyẹn, pé ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fi ìbọn oríṣiríṣi dán ara rẹ̀ wò kó tó ra èyí tó bá a mu. Ohun tí mo béèrè ní ṣọ́ọ̀bù yín gan-an nìyẹn, tí wọ́n ní kò pọn dandan.

Èyí tó kọ́kọ́ jẹ mí lógún: ẹ yọ ìwé pélébé yẹn kúrò nínú gbogbo àpótí lónìí, kí ẹ sì pe gbogbo ẹni tó ti rà á. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín. Èyí ju owó mi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó ìbọn gígùn, pọ́ḿpù, ọta àti bẹ́líìtì padà, kí ẹ dá dọ́là 1,800 padà fún mi. Ìbọn ìléwọ́ méjèèjì tí rìsíìtì pè ní dọ́là 1,100 á wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa ta àpótí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ka ìwé òfin SASS kó o jọ.

Òfin Texas tó ń dáàbò bo oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀tàn òwò ní kí ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí oníṣòwò, ó kéré tán ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú, kó sọ ẹ̀sùn rẹ̀ àti iye tó ń béèrè. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí ìwé náà. Ẹ̀dà rìsíìtì, fọ́tò àpótí àti fọ́tò ìwé pélébé wà nínú àpò ìwé kan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín