Ẹ má tí ì dá túbò lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá ti ń jò ọ́ìlì ní Ìlọrin yìí, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń dá fún un: "Túbò ti kú, ẹ lọ ra tòkunbọ̀ wá." Túbò ni ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Onímọ́tò á wá owó kiri, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ọ́ìlì á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn wá, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni túbò tí wọ́n tú dànù kò ṣẹ ẹnì kankan.

Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì ná. Eruku pupa tó ti dì mọ́ ọ́ìlì láti ọjọ́ yìí kì í jẹ́ kéèyàn mọ èyí tó ń jò lónìí. Ẹ fi ọ̀rá wé gbogbo ibi tí iná wà, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ẹ rí i pé ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì orí géèjì, torí ọ́ìlì tó bá kún jù náà máa ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ wà á dé Ìdófìán kí ẹ padà, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú.

Kì í ṣe ibi tó ń kán sí ni ká máa lé, bí kò ṣe ibi tó ga jù lọ tó rin. Ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì) ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́, kó jẹ́ ìdí gíáábọ́ọ̀sì ni yóò ti máa kán, ni wọ́n á bá sọ gíáábọ́ọ̀sì kalẹ̀ torí síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, tí kò ṣe nǹkan kan. Bó bá rú yín lójú, ẹ ta àtíkè sí i. Ibi tó bá kọ́kọ́ rin, ibẹ̀ ni.

Ó wá kan túbò fúnra rẹ̀. Páìpù tín-ín-rín kan ń gbé ọ́ìlì wọlé tagbáratagbára. Ìdí bóòtù rẹ̀ máa ń jò bí wọ́n bá tún wáṣà bàbà àtijọ́ lò. Páìpù tó nípọn ń dá ọ́ìlì padà sí sọ́m̀pù, ìyẹn agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí kò ní ohun tó ń tì í, ṣíṣàn ló ń ṣàn wálẹ̀. Bí èédú bá dí i, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá túbò jáde. Gọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi rọ́pò gásíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ló burú jù: bí bóòtù bá ti fún un, á yọ sínú, á gbẹ bí ètè yí ẹnu ihò ká, ihò tó ń gba àtàǹpàkò kò ní gba ọmọńdinrín mọ́. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti yọ páìpù yẹn wò.

Ẹ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí náà, torí bó bá dí, èéfín inú rẹ̀ á máa ti ọ́ìlì jáde. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde gùdù, ẹ yọ rọ́bà tó fi ń mí. Bó bá rọlẹ̀, ibẹ̀ ló dí. Bí kò bá rọlẹ̀, ríìngì ara písítìn ló ti jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ fi ìka mú ọ̀pá túbò. Kó mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò burú. Bó bá ń lọ síwá-sẹ́yìn gbangba, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ń họ ilé rẹ̀, ó ti lọ lóòótọ́. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rọ́bà intercooler (ohun tó ń mú atẹ́gùn tó ti túbò wá tutù) kì í ṣe àrùn. Èyí tó bá dágún síbẹ̀ ni ewu: ẹ́ńjìnnì lè fà á mu bí epo, eré á máa le sí i, kò sì ní kú bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ gíà ọwọ́, ẹ ki í sí gíà tó ga jù, ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ kọ́lọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi ọwọ́ dí ẹnu atẹ́gùn rẹ̀ láé.

Ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀, kó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà pọ̀, kó rọ ọ́ìlì tuntun sínú ihò túbò, kó fi ìka yí i. Ohun tó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ gbẹ nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó bá sì ti Òmù-Àrán sáré dé, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó pa á. Ọ́ìlì tó bá há sínú túbò gbígbóná ló ń di èédú inú páìpù yẹn.

Àwa mẹkáníìkì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì,
Ìlọrin.