Ẹ gbà wá lọ́wọ́ agbòjò ayédèrú ní Àbújá

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn aláṣẹ létí. Inú ń bí mi gidigidi. Òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ká èmi àti ọmọ mi mọ́ Berger níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ Kubwa. Agbòjò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo ṣí. Atẹ́gùn àkọ́kọ́ tó fẹ́ lù ú ló yí i sódì, ìhà mẹ́ta, ìyẹn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó ń na aṣọ rẹ̀, kán, aṣọ ya, gbogbo ìwé ọmọ mi rin gbingbin. Nígbà tí mo yẹ ìhà tó kán wò, páànù lásán ni, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ìka méjì ni mo fi ṣẹ́ ìyókù. Wọ́n sì ń gba owó gidi lọ́wọ́ èèyàn lé e lórí!

Ṣé iṣẹ́ tuntun ni agbòjò ni? Láti nǹkan bí 1750 ni Jonas Hanway ti ń gbé e kiri ìgboro London, tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kérò ń bú u, torí òjò ni wọ́n fi ń pawó. Ohun líle tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ń ṣe ìhà rẹ̀ nígbà náà, ó sì wúwo. Ní 1852 ni Samuel Fox, ní Stocksbridge lẹ́bàá Sheffield, fi irin tó ní kòtò láàárín ṣe ìhà: ó fúyẹ́, kì í sì í tètè ṣẹ́. Nígbà tó di 1928, Hans Haupt ní Jámánì ti ṣe èyí tó ń ká wọ àpò. Ọ̀rọ̀ ìhà ti yanjú láti ayé àwọn baba ńlá wa, síbẹ̀ páànù ni wọ́n ń kó wá fún wa! Agboòrùn ńlá tí wọ́n ń jù lókè orí Ẹ́míà Kánò lọ́jọ́ ọdún, nínú eruku àti atẹ́gùn, mi ò tíì rí i kó yí sódì rí.

Àwọn tí ìjọba ń sanwó fún láti máa yẹ ọjà wò dà? Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, òjò kì í pa wọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe jù ni ti àwọn ọmọ Haúsá ṣúmékà tí wọ́n máa ń lu àpótí kiri àdúgbò. Wọ́n mọ agbòjò tún ṣe dáadáa. Wọ́n á yọ ìhà lára èyí tó ti gbó, wọ́n á fi wáyà so ó, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìhà páànù kò ṣeé tún ṣe, àwọn agbófinró sì ń lé wọn káàkiri. Kí ìjọba fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lẹ́nu gbogbo ọjà, kí wọ́n sì pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń kó agbòjò wọ̀lú gbọ́dọ̀ kó ìhà irin gidi wá pẹ̀lú rẹ̀ fún títà. Ẹni tí kò bá kó o, kí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà.

Kí wọ́n sì fi òrùlé sí àwọn ibùdókọ̀. Títí oṣù Ọ̀wàrà lòjò ń rọ̀ níhìn-ín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ kan,
Kubwa, Àbújá