Ẹ Dá Odó Padà sí Ilé Iyán Àtijọ́ Tó Wà ní Àárín Iléṣà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo mú àna mi àti àwọn ọmọ wọn méjì, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, lọ jẹun ní ilé iyán àti ẹmu kan tí kò jìnnà sí Ẹrẹ́jà. N kò ní í dárúkọ ilé náà, nítorí pé n kò kọ lẹ́tà yìí láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn tó dàgbà sí Iléṣà yóò ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá wa ti rán lọ ra ẹmu níbẹ̀ kí a tó mọ̀wé kà.

Bàbá mi ti ń jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bíà tó wà ní ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní ọdún 1978, bíà wọ inú ilé náà bó ṣe wọ ilé gbogbo, ṣùgbọ́n kò lé ẹmu jáde. Ìgò a wà lórí tábìlì kan, agbè a wà lórí èkejì, iyán a sì wà níwájú gbogbo wọn. Lórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan náà ni olùkọ́, awakọ̀, oníkòkó àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń jókòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé a sún fún ẹni tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ǹṣì ló ń fa èèyàn lọ síbẹ̀, ìró odó ni. Bí a bá ti yà kúrò lójú títì ni a ó ti máa gbọ́ ọ. Obìnrin mẹ́ta ló máa ń yí odó kan ká, tí ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn èkejì láìkọlu ara wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní í ka iye fún ẹnìkejì. Ẹni tí ebi ń pa lórí bẹ́ǹṣì lè fi etí mọ ibi tí iṣẹ́ dé, nítorí pé nígbà tí iṣu bá ṣì wà ní ègé-ègé, odó a máa dún gbọnmọ-gbọnmọ. Bí kókó bá ti tán, tí iyán sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mọ́ ọmọ odó, ìró náà a rẹlẹ̀, a sì rọ̀. Nígbà náà ni ìyá tó ni ilé yóò dìde fúnra rẹ̀, yóò wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, yóò fi ọwọ́ kó èyí tó gun etí odó padà sí àárín, wọn yóò sì tún gún un fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó bù ú sínú igbá kékeré, tí yóò máa yí igbá náà lọ́wọ́ títí iyán yóò fi di róbótó. Ooru ṣì máa ń rú lára rẹ̀ nígbà tó bá dé iwájú wa. Ìyá yìí kì í fi ewùrà gún iyán fún ẹnikẹ́ni. Kì í sì í kánjú lo iṣu titun nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí omi inú rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Iṣu ọdún tó kọjá tó ti gbẹ dáadáa ni ó máa ń wá kiri ọjà Àtàkúnmọ̀sà fún, iye yòówù tí wọ́n bá pè é.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń wí yìí, n kò gbọ́ ìró kankan àfi ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà. Inú kúlà ni wọ́n ti mú iyán wá fún wa, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí omi ti ṣẹ̀ sínú ọ̀rá náà. Nígbà tí mo tú tèmi, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì tutù. Mo bù ú, kò já, ó ń lẹ̀ mọ́ mi níka bí àtè. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó gbé e wá. Ó kúnlẹ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rọ la fi ń lọ̀ ọ́ láàárọ̀, inú kúlà ló ń wà dalẹ́.” Ẹ̀rọ tó ń sọ yìí ní abẹ nínú. Abẹ a máa gé iṣu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, ọmọ odó sì ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ti ẹ̀rọ fi ń yọ̀ tí ó sì ń lẹ̀, tí ti odó sì ń fà tí ó sì ń dán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ọbẹ̀ wọn kò ní àléébù. Ẹ̀gúsí náà dì dáadáa, ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ kò jóná, ìgbín wọn sì mọ́.

Ti ẹmu ló tún dùn mí. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láti ìgbà tí wọ́n bá ti dá a lórí ọ̀pẹ ni ìwúkàrà ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, tó fi jẹ́ pé èyí tó dùn láàárọ̀ yóò ti le nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò sì ti kan bó bá di ọjọ́ kejì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá nígbà tí a mu tiwa, síbẹ̀ ó dùn bí omi ṣúgà, kò hó, kò sì ta ni lọ́fun. Ẹni tó bá ti ń mu ẹmu fún ogójì ọdún mọ̀ pé omi àti ṣaakarín ni ọwọ́ ènìyàn fi kún un.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ àna mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wò mí lójú, ó ní, “Bàbá, ṣé iyán Ìjẹ̀ṣà tí Dádì ń sọ fún wa nìyí?” N kò rí èsì fún un. Àwa tí wọ́n ń kì pé Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọ̀wá ti í múná roko, àwa la wá ń fi iyán tútù gba àlejò.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ odó le. Èjìká ìyá tó dá ilé náà sílẹ̀ kò dára mọ́ kí ó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó jogún rẹ̀ kò sì jẹ̀bi pé wọn kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ alágbára tó ń wá iṣẹ́ kún ìlú yìí, àwọn tó jogún ilé náà sì lè gba méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, kí wọ́n sanwó tó tọ́ fún wọn, kí àwọn ọ̀dọ́ náà máa gún iyán nígbà tí oníbàárà bá béèrè, ó kéré tán ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwa yóò dúró. Àwa yóò fi owó kún un pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dì í fún ẹni tó ń gbé e lọ ilé, ewé eéran ṣì wà ní abẹ́ igi kòkó gbogbo oko wa, kì í sì í sọ iyán di olómi bí ọ̀rá ṣe ń ṣe.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo yà sí ẹ̀yìnkùlé láti fọwọ́. Mo rí odó náà. Wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ lé ìdí rẹ̀, odó tí wọn kì í gbà kí ọmọdé jókòó lé nígbà tiwa. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà kúrò, mo tẹ odó náà dàbù, mo sì fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ yíká. Kò là níbì kankan.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìsọ̀kun, Iléṣà.