Ẹ má fi ẹjọ́ ìwádìí ayédèrú sílẹ̀ fún yunifásítì nìkan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń fi ìwádìí ayédèrú gba ìgbéga, èrò tèmi ni pé kí ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà nínú ìwádìí ìlera, wà, òfin ìlera ọdún 2014 sì tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti ìlera nìkan ni. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń kọ iye àpò àgbàdo tí wọ́n kó ní oko tí kò dá, ta ni yóò mú un? Ọ̀gá rẹ̀, tí orúkọ tiẹ̀ náà lè wà lórí ìwé ọ̀hún!

Ẹ wo Swídìn. Dókítà Paolo Macchiarini fi ọ̀nà èémí tí wọ́n fi ike ṣe sí àwọn aláìsàn lára, ó sì kọ ọ́ sínú jọ́nà pé ó dára. Púpọ̀ nínú wọn kú. Ní 2015, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè láti ìta láti yẹ̀ ẹ́ wò ní ó jẹ̀bi. Ọ̀gá àgbà Karolinska, yunifásítì ìṣègùn tó ti ń ṣiṣẹ́, dá a láre. Ó di 2018 kí wọ́n tó yí ìdájọ́ náà padà. Láti 2020, ìgbìmọ̀ ìjọba ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí èrú lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀gá yẹn náà ni yóò buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, kí ìgbìmọ̀ ọ̀hún lágbára láti gbà á padà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsẹ́yìn