Màmá mi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ akáǹtì sílẹ̀

Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé?

Bọ̀dá mi ní ẹ sunkún nígbà tí ẹ gbọ́ pé mo fẹ́ lọ di dókítà wèrè. Ó dùn mí pé ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́ fún yín ni mo ń wá.

Sàìkọ́lọ́jì ni mo fẹ́ kọ́, Màámi. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn. Àwa kì í kọ oògùn níbí. A máa ń jókòó ti ènìyàn, a ó bi í, a ó fetí sílẹ̀, a ó jọ wá ibi tí ìrònú ti so ó lẹ́sẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò yéé sunkún ń wá, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà ń wá.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n dá Bàbá dúró níbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á gbé rédíò lé itan, rédíò tí kò ní bátìrì. Mo ra bátìrì sí i lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ bátìrì náà ní méjèèjì, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ gbé wọn lọ sórí òkè, ẹ gbààwẹ̀, ẹ ta aṣọ òkè yín. Ẹ gbìyànjú, Màámi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n nínú wa tó bi wọ́n pé, "Kí ló ń dùn yín gan-an?" Ẹ̀rù ń bà wá. Bàbá sì gbé ohun tó ń dùn wọ́n wọ sàréè.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan níbí. Wọ́n gbé ìyá Yorùbá kan wá. Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí ọkàn ènìyàn ti rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. "Rárá" ni ìyá ń dáhùn sí gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Nǹkan ń rìn mí lórí, ọmọ mi. Àyà mi ń já. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Nọ́ọ̀sì rò pé kòkòrò ni wọ́n ń rí. Èmi ló ṣàlàyé pé bí Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí ọkàn bá dàrú. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti 1960, pé orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbóná, pé nǹkan ń rìn níbẹ̀.

Arò tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ní ọdún 1954 síwájú, tàwọn ti ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ wa ló ṣe é.

Ọ̀nà náà gùn. Ọdún méjì ni màá fi ka màsítà, kí n lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítọ́réètì ọdún mẹ́ta. NHS, iṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ló ń san owó oṣù fún ẹni tó bá wọlé, ṣùgbọ́n ìwọlé rẹ̀ le. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì tíì sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní clinical psychologist, orúkọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe yìí, òfin ni. Owó oògùn yín kò ní dín kù. Mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹ sì bá mi bi àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín léèrè, kí ni wọ́n máa ń sọ tí ọkàn wọn bá dàrú? Kí Bọ̀dá gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Bí ẹ bá rántí ohun kan tí Bàbá sọ lábẹ́ igi yẹn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́.