Àṣàkẹ́, owó dé, ohùn rẹ kò dé

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú ewu ọmọ, o kú ìtọ́jú. Owó tó o fi ránṣẹ́ láti Glasgow wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ gbàdúrà sí i, ó sì ti ná nínú rẹ̀ ní Bódìjà kí ẹnu wa tó kúrò lórí àmín. Ṣùgbọ́n owó ló dé, ohùn rẹ kò dé. Tí mo bá pè, ọkọ rẹ ló ń gbé e: “Bàbá, ó ń sùn.” Mo pè láàárọ̀, o ń sùn. Mo pè nírọ̀lẹ́, o ń sùn. Ta ló ní ọmọ oṣù méjì lọ́wọ́ tó ń rí oorun sùn báyẹn?

Mo rí fídíò ọmọ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ náà dára, iwájú orí ìyá mi ló gbé wá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ ni mo ń wò ní tèmi. Aago ara ògiri yín ti kọjá aago kan ọ̀sán, kọ́tìnì ṣì wà ní pípadé. Ọwọ́ rẹ nìkan ni mo rí nínú gbogbo rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan wà lọ́wọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ wà níta, o ò sì wọ̀ ọ́ fún un títí fídíò fi parí. Mo ti wò ó ní àwòtúnwò. Ìyá rẹ rò pé ojú ọmọ ni mò ń wò.

Níbí, ọ̀yẹ́ ti wọlé, ètè gbogbo wa ti bó. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ti kó jáde, ó jẹ wá lówó, Ọlọ́run ni yóò bá wa gbà á. Àbúrò rẹ ra ọ̀kadà tí mo ní kó má rà.

Ìyá rẹ di aṣọ ọmọ ránṣẹ́, ó kó káfúrà sí i bí wọ́n ti ń ṣe. Mo ti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ aṣọ náà kó o sì sá a dáadáa kí wọ́n tó kàn án lára. Àwọn ọmọ kan wà tí káfúrà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó tún ní kí fìlà má kúrò lórí ọmọ tọ̀sán tòru. Má dá a lóhùn. Níta, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ń sùn nínú ilé, ṣí i lórí, fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, má sì kó bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ sí i lọ́rùn. Ooru yàrá kò ju dígírì 16 sí 20 lọ, òun ni wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ náà. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń pa hítà nítorí owó iná, ẹ wá ń fi owó ránṣẹ́ sí wa! Kí ni irú ìyẹn? Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ mọ́ títí òtútù yóò fi lọ. Ìyá rẹ yóò bínú, èmi ni yóò bínú sí.

Wọ́n ní nínú oṣù Kejìlá, oòrùn Glasgow kì í yọ títí aago mẹ́jọ àárọ̀ fi kọjá, kí aago mẹ́rin sì tó lù, ó ti wọ̀. Níbí, oòrùn ló ń lé wa kiri. Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa lé e. Ṣí kọ́tìnì yẹn, Àṣàkẹ́. Tí ọ̀sán bá pọ́n, wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú nítorí yìnyín, ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rìn yí àdúgbò ká. Fítámì D ńkọ́? 10 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́ ni tìrẹ, àwa aláwọ̀ dúdú la nílò rẹ̀ jù. Ọmọ tó ń mu ọmú náà ní tirẹ̀, èyí tó ń kán sí i lẹ́nu. Ṣé o ń jẹun pàápàá?

Èmi kì í ṣe obìnrin. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyá rẹ ló yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ láéláé, kò sì mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Inú ọ̀yẹ́ báyìí ló bí ọ. Ẹkún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń sun ún, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Tirẹ̀ kò lọ. Kò dirun mọ́. Tó bá ń fún ọ lọ́mú, ògiri ló ń kọjú sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, o ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì, o ti tọ̀ sára, òun sì jókòó tì ọ́ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́, ó ń wo táwẹ̀lì. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa bímọ ní Ìbàdàn ni. Kò fèsì. Ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí wa, mo mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ níbẹ̀, mi ò gbé e lọ, nítorí mi ò fẹ́ kí ará àdúgbò sọ pé àbísínwín mú ìyàwó tíṣà. Àbísínwín kọ́ ló mú un. Ìbànújẹ́ ni, mo sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí ìyá mi fi wá láti Mọ́níyà, tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń sùn tì í. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Tó o bá rò pé kò fẹ́ràn rẹ nígbà yẹn, irọ́ ni.

Nítorí náà, má ṣe bí akọni fún mi. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀? Ní Edinburgh níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣe ìbéèrè mẹ́wàá kan jáde fún àwọn abiyamọ ní 1987. Ó ń bi wọ́n bí ara wọn ti rí láti ọjọ́ méje sẹ́yìn: ṣé o ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ láìnídìí, títí dé ìkẹwàá tó ń béèrè bóyá ó wá sí ọ lọ́kàn láti ṣe ara rẹ ní jàǹbá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé yín yóò bi ọ́. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti kórìíra kó o fẹ́èlì. Máàkì tó pọ̀ kọ́ ló dára nínú èyí. Sọ òtítọ́ fún un. Oògùn wà tí abiyamọ lè lò kó sì máa fọ́mọ lọ́mú, àwọn tó máa jókòó gbọ́ ọ wà. Ṣùgbọ́n tó o bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí ó ń ṣe ọ́ bíi kó o pa ara rẹ tàbí ọmọ lára, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì yín, ni kẹ́ ẹ pè lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dè mí.

Ìyá rẹ ń pariwo pé àmàlà ń tutù. Fún ọkọ rẹ ní fóònù yìí, kó ka lẹ́tà yìí fúnra rẹ̀. Kó pe nọ́ọ̀sì náà lọ́la, kó má dúró de ọjọ́ tó máa wá. Èmi náà á pè lọ́la ní aago méje alẹ́ wa, aago mẹ́fà tiyín. Tó bá tún ní o ń sùn, kó jí ọ.

Bàbá rẹ