Àjàní, Ṣé O Ti Buwọ́ Lu Ìwé Ìdìbò Yẹn?

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara gbogbo wa le. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò, ó ń retí èsì. Ìjì ká páànù ẹ̀yìnkùlé, a ń wá káfíńtà. Ewúrẹ́ ìyá àgbà bí ìbejì. Ìròyìn ilé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé mi jókòó sídìí ìwé ni ọ̀rọ̀ tí Àǹtí yín tó wà ní Baltimore bá mi sọ lórí fóònù. Ó ní níbi ìsọmọlórúkọ kan, o ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé nígbà tí o lọ gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ ní Maryland, wọ́n bi ọ́ bóyá o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, o sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní inú rẹ ń dùn bí o ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń pè ọ́, o kò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo rí i pé o kà á, o kò fèsì. Àjàní, ṣé o buwọ́ lu ìwé yẹn ni?

Owó oṣù tó kọjá tí n kò rí, n kò bá ọ fà á. Ebi ò pa wá. Ìwé yẹn ni mo ń béèrè.

Gíríìnì káàdì lo ní. O lè fi ṣiṣẹ́, o lè fi ra ilé, wọ́n á sì gba owó orí lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ìbò Ààrẹ àti ti àwọn aṣòfin Washington kì í ṣe tìrẹ títí wàá fi búra di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Òfin kan wà láti 1996 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún àlejò láti dì í. Kí ènìyàn tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀ náà nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílùú. Má sì sọ fún mi pé bí ìjọba bá yí padà, ọ̀rọ̀ á rọ̀. Clinton tó buwọ́ lu òfin náà lọ, Bush wá, ó lọ, Obama wá, ó lọ, òfin ṣì wà níbẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin wọn, ló ṣe é. Ààrẹ kankan ò lè fi ẹnu lásán pa á rẹ́.

Àpótí kékeré kan ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, tó ń béèrè bóyá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọ́. Kí lo fàmì sí níbẹ̀?

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbé e fún ọ, ìjọba ò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó máa pa ènìyàn lára fún un. Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣì í, ó sì dùn mí, nítorí pé ọmọ olùkọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì ni ọ́. Ìjọba kan ṣoṣo kọ́ ló wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn 39 tó buwọ́ lu ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Philadelphia lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1787, kò tíì pẹ́ tí wọ́n já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò fẹ́ kí agbára kó jọ sọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Wọ́n pín in láàárín àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń mú òfin ṣẹ àti àwọn adájọ́; ìyẹn lẹ máa ń rántí. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbàgbé nínú ìdánwò ni pé wọ́n tún pín in láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀. Àtúnṣe kẹwàá sí ìwé òfin náà, tó wọlé ní 1791, ní agbára tí ìwé òfin kò bá gbé fún ìjọba àpapọ̀, tí kò sì gbà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ará ìlú ni.

Nítorí náà ìpínlẹ̀ ló ń fún yín ní láísẹ́ńsì, ìpínlẹ̀ náà ló ń to orúkọ àwọn olùdìbò. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá ṣòfin ní 1993 pé kí wọ́n máa bi ẹni tó bá wá gba láísẹ́ńsì bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bi ọ́ yẹn, ẹni tó wà níwájú rẹ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, ó ti lè bi àwọn náà. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbé ìlú, ta ló gbọ́dọ̀ lọ, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn wà. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ gbé fún ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìjọba àpapọ̀ lè fi mú ọ lọ́la. Ṣé ó ti yé ọ ìdí tí oorun ò fi kùn mí?

Àǹtí yín ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ló ń sọ pé àwọn àlejò ń dìbò ní Takoma Park. Òótọ́ ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìlú kékeré yẹn ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìbò olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ ìlú wọn nìkan ni. Kò kan Ààrẹ, kò kan Sẹ́nétọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ sọ ìdajì, ìwọ náà gbé ìdajì sá lọ.

Jẹ́ kí n má pariwo mọ́. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Mo mọ ìdí tí ìbò fi ń wù ọ́. Láti kékeré lo ti ń bá mi gbé àga lọ sórí ìlà, tí o ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa fi tàdáwà sí ìka tìrẹ.

Ó sì lè jẹ́ èmi ni mo fà á. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé ìwé sí ọ níwájú, kí o buwọ́ lù ú, kí o dúpẹ́, kí o máa bọ̀ nílé. N kò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Ní 1979 tí Nàìjíríà wo ti Amẹ́ríkà, tí àwa náà gba ètò Ààrẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bí ẹni ń kọrin. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ológun gbàjọba. Wọ́n gbé apá púpọ̀ nínú ìwé òfin wa tì, òfin ológun kejì tí wọ́n ṣe ní 1984 sì jẹ́ kí wọ́n lè ti ènìyàn mọ́lé láìfẹ̀sùn kàn án. Wọ́n wá mú olùkọ́ Ìtàn tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aago ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì, wọn ò jẹ́ kó mú un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ìwé kan wá fún mi pé mo gbọ́ nígbà tó ń bú ìjọba. N kò kà á tán. Mo buwọ́ lù ú, mo dúpẹ́, mo sì wọ kíláàsì lọ. Ó padà wálé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀rù yẹn ni mo fi tọ́ ọ, Àjàní, mo sì ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Má ṣe bí mo ti ṣe. Ìwé òfin tí o wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé mímọ́. Òun náà ló ka ẹrú sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ènìyàn nígbà tí wọ́n ń ṣírò iye aṣojú, ogun abẹ́lé ló sì sọ ọ́ di pé wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní 1865. Ṣùgbọ́n ó ní apá tó bo ìwọ náà. Ní 1886, ìjà àwọn ará Ṣáínà tó ń fọṣọ ní San Francisco dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìlú ò fún wọn láyè láti máa fọṣọ nínú ilé pákó, ó sì ń fún àwọn aláwọ̀ funfun. Yick Wo, ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì borí, torí pé ààbò àtúnṣe kẹrìnlá kò mọ sórí ọmọ onílùú. Àtúnṣe karùn-ún náà de ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀: wọn ò lè fipá mú ọ jẹ́rìí tako ara rẹ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn.

Nítorí náà, bí o bá ti fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni, má dìbò. Bí o bá sì ti dì í, sọ fún lọ́yà, má fi pamọ́ fún un. Má tíì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, má tíì lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ, títí wàá fi rí lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú dáadáa. Má sì tíì fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di ọmọ orílẹ̀-èdè sílẹ̀, torí wọ́n máa bi ọ́ nínú rẹ̀ bóyá o ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí, n kò sì fẹ́ kí o purọ́.

Ọ̀rọ̀ owó lọ́yà wá kù. Ní 1963, ẹlẹ́wọ̀n kan ní Florida, Clarence Gideon, tó ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, jàre pé kí ìpínlẹ̀ máa gba lọ́yà fún tálákà tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn. Ẹjọ́ ìgbélùú kò sí lára ìyẹn. O lè mú lọ́yà, ìjọba ò ní bá ọ san án. Mo ní owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ti sọ fún akọ̀wé pé mo fẹ́ gbà á. Páànù lè dúró. Sọ iye tí wọ́n bá pè fún mi, má tijú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé rárá lo fàmì sí, tàbí pé ẹnu lásán lo fi sọ ọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, sọ ìyẹn náà fún mi. N kò ní bínú. Àǹtí yín mọ lọ́yà kan, ó ń retí ìpè rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Pè é kí o tó lọ síbi iṣẹ́, lẹ́yìn náà kí o pè mí.

Ìyá rẹ ni.